Kí ọmọ tó ń wọ terminale D kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka courbe

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ béèrè ìwé SVT (ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí àti ilẹ̀ ayé) tí ẹ lè rà fún ọmọ yín obìnrin tó ń wọ terminale D, kíláàsì àṣekágbá girama ti àwọn onísáyẹ́ǹsì, ní Kétu ní Benin. Èmi náà ṣe D níbí, ojú mi sì rí tó.

Lọ́dọ̀ tiwa, prof á máa ka cours (àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́), àwa á máa dà á kọ, bẹ́ẹ̀ títí bac, ìdánwò àṣejáde girama, fi dé. Microscope kan ṣoṣo tó wà, inú àpótí ni wọ́n tì í mọ́. Ó di ìgbà tí àlejò bá wá kí a tó rí i. Mo há cours sórí débi pé mo ń kà á lójú oorun. Nígbà tí a wọ yàrá ìdánwò, wọn ò bi mí ní ọ̀kankan níbẹ̀. Courbe, ìlà tí wọ́n yà láti fi hàn bí nǹkan ṣe ń lọ sókè sódò, ni wọ́n gbé síwájú mi: bí anticorps (èròjà tí ara fi ń gbógun ti ohun àjèjì) ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ eku lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kìíní àti ìkejì. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé. Òógùn bò mí. Orúkọ mi ò sí lára àwọn tó yege, ó sì dùn mí wọ akínyẹmí ara. Wọ́n tún kó wa jọ, wọ́n ní ọ̀lẹ ni wá. Ọ̀lẹ! Àwa tí a ń kàwé títí àkùkọ fi ń kọ!

Nítorí náà, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka courbe. Kó kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n wọ̀n ní ìsàlẹ̀ àti ní ẹ̀gbẹ́. Kó sọ ohun tó rí: lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì, anticorps yára jáde, ó sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kó tó sọ ìdí: cellules mémoire, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń rántí, ti mọ antigène náà (ohun àjèjì inú abẹ́rẹ́) tẹ́lẹ̀.

Mitose àti méiose, ọ̀nà méjì tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà pín, kó sáà máa ya àwòrán wọn. Génétique, ẹ̀kọ́ nípa ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, ni kó fara balẹ̀ sí. Bàbá AS, ìyá AS: nínú échiquier, àpótí tí wọ́n fi ń pa ti bàbá àti ti ìyá pọ̀, AA kan, AS méjì, SS kan. Kì í ṣe pé nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn SS, o. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ewu ìdá kan nínú mẹ́rin tirẹ̀. Kí àwọn tó ń múra ìgbéyàwó náà gbọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta épreuve (ìbéèrè ìdánwò) bac lórí WhatsApp bí ìdánwò bá ti ń súnmọ́. Olè ni wọ́n. TD, ẹ̀kọ́ àfikún tí wọ́n ń sanwó fún, náà, ẹ wádìí kí ẹ tó sanwó. Tó bá jẹ́ pé dída cours kọ náà ni, ẹ gbé owó yín lọ sílé.

Ní ti ìwé, èyí tí prof rẹ̀ bá ní kó rà ti tó. Owó tó bá kù, ẹ fi ra àwọn épreuve ọdún tó ti kọjá tó ní ìdáhùn nínú, kó máa gbé aago síwájú ṣe é.