Kí ẹ tó ka iye ìwé, ẹ kọ́kọ́ ka iye wákàtí tí ẹ ní

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ẹ ti ṣe àkójọ ìwé Yorùbá 52, kí ẹ lè máa ka ẹyọ kan lọ́sẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó ń bọ̀ dé òpin rẹ̀, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ohun kan kù tí ẹ ní láti ṣètò kí oṣù kìn-ín-ní tó wọlé. Ohun tó kù pọ̀ díẹ̀. Èmi náà ṣe irú àkójọ yìí ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, mo sì sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé ìwé 52 ni n ó kà. Nígbà tí oṣù kẹrin fi máa parí, mẹ́sàn-án péré ni mo tíì kà, méjì nínú wọn sì jẹ́ ìwé ọmọdé tí mo fi há a láàárín kí iye lè gbé pẹ́ẹ́lí. Nínú oṣù karùn-ún ni mo já bébà náà kúrò lára ògiri, nítorí pé mi ò fẹ́ kí àlejò rí i mọ́.

Kì í ṣe ọ̀lẹ ló fà á. Ìṣirò ni mi ò ṣe. Bí ìwé kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ojú ìwé 200, ìwé 52 di ojú ìwé 10,400, ìyẹn nǹkan bí ojú ìwé 29 lójúmọ́, láì yọ ọjọ́ ọdún sílẹ̀, láì yọ ọjọ́ ìsìnkú, láì yọ ọjọ́ tí ara kò yá. Mi ò bi ara mi rí pé ojú ìwé mélòó ni mo lè kà ní wákàtí kan. Mo kàn gbà pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé Yorùbá ni mo fi ń jẹun, tí mo fi ń jà, tí mo sì fi ń lá àlá, ojú mi yóò máa sáré lórí rẹ̀ ju bó ṣe ń sáré lórí Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà, nítorí pé ẹnu wa já fáfá ní Yorùbá, ojú wa ni kò já fáfá. Gẹ̀ẹ́sì ni ojú wa ti mọ́ lára láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ojú ti tì mí tán, mo mú ìwé Yorùbá kan tí mi ò kà rí, mo ṣètò aago fóònù mi sí ogún ìṣẹ́jú, mo sì kà á bí mo ṣe máa ń kàwé, láì yára, láì fà á gùn. Nígbà tí aago náà dún, ojú ìwé márùn-ún àti ìlà díẹ̀ ni mo kà. Mo tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, márùn-ún náà ni. Mo wá mú ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó o, mo sì ka ojú ìwé mọ́kànlá láàárín ogún ìṣẹ́jú bákan náà. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé ojú ìwé 15 ni agbára mi ní wákàtí kan bí ìwé bá jẹ́ ti Yorùbá.

Àwọn ìwé àtijọ́ tún máa ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ni ó sọ aiye di ayé, tí ó sọ enia di ènìyàn, tí ó sì sọ ẹiyẹ di ẹyẹ, nítorí náà ẹni tí ó bá gbé ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ìgbà náà ní láti fún ojú rẹ̀ ní ọjọ́ méjì mẹ́ta kí ó fi mọ̀ ọ́n lára. Èyí tó le jù ni ti àmì ohùn. Mo ra ìwé àlòkù kan ní Yábà tí àmì rẹ̀ kò tó nǹkan, mo sì dé ibi tí adẹ́mu kan ti gbé igba rẹ̀ kọ́ èjìká. Mo ka igba yẹn sí igbá. Mo ń wo baba náà lọ́kàn mi bó ṣe ń lọ, mo tilẹ̀ ń ṣe kàyéfì bí igbá ṣe máa ń kọ́ èjìká láì já bọ́, àfìgbà tí mo ṣí ojú ìwé kejì tí ó dé ìdí ọ̀pẹ, tí ó ta nǹkan náà yí ọ̀pẹ ká, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Igbà ni. Mo padà sẹ́yìn lọ tún gbogbo rẹ̀ kà. Irú ìpadàsẹ́yìn báyìí kò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí mi nínú orí kan.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ agbára ojú yín, kí ẹ wá mọ iye wákàtí tí ó jẹ́ tiyín ní tòótọ́. Mò ń gbé ní Mowé, Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí mo sì kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ni pé n ó máa kàwé fún wákàtí méjì nínú súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ ọkọ̀ lójoojúmọ́. Irọ́ gbáà. Aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń kúrò nílé, òkùnkùn ṣì ń kùn, dáńfó kò tan iná sínú, oníwàásù wà níwájú, ẹni tó sùn sì gbé orí lé mi léjìká. Nígbà tí mo bá ń bọ̀ lálẹ́, èmi náà ni mo máa ń gbé orí lé ẹlòmíràn léjìká. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo rí nígbà tí mo fi òótọ́ inú wá a: ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán níbi iṣẹ́, àti ogún mìíràn kí n tó sùn, pẹ̀lú iná ìjọba tàbí láìsí i, nítorí mo ra àtùpà kékeré tí ó ń gba agbára lára oòrùn. Ojú ìwé mẹ́wàá nìyẹn lójúmọ́. Mo fi ọjọ́ 25 sínú oṣù kọ̀ọ̀kan dípò 30, ọjọ́ 300 lọ́dún, ojú ìwé 3,000, ìwé 15. Méjìlá ni mo kọ sílẹ̀, mo fi mẹ́ta yòókù sílẹ̀ fún àìsàn àti ìnáwó. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n.

Pẹ̀lú gbogbo ìṣirò yìí, mo tún ṣe àṣìṣe mìíràn ní ọdún kejì, èyí sì jẹ́ ti bí a ṣe ń to ìwé tẹ̀ léra. Mo to ìwé ìtàn àròsọ Fágúnwà márààrún bí wọ́n ṣe jáde, láti Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti 1938, bọ́ sí méjì tó jáde ní 1949, bọ́ sí ti 1954, títí dé Àdììtú Olódùmarè ti 1961. Nígbà tí mo dé ìdajì ìwé kẹta, iwin ti sú mi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè bí ẹlòmíràn nínú, èmi gan-an sì lè ka ojú ìwé kan nínú Fágúnwà sókè fún àlejò láì jẹ́ pé ó bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jẹ iyán láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ fún oṣù mẹ́ta yóò wá ẹ̀kọ lọ dandan. Mo gbé e tì, mo mú Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tí ó jáde ní 1969, níbi tí Lápàdé tó ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ti ń tọpa àwọn ọ̀daràn, mo sì pàdánù oorun òru mẹ́ta nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkàn mi tó fà sí igbó irúnmalẹ̀ padà. Láti ìgbà náà, mi ò to ìwé òǹkọ̀wé kan ṣoṣo tẹ̀ léra mọ́. Èyí tó wúwo àti èyí tó yá ni mo ń so pọ̀.

Ìpèníjà tí mo gbádùn jù lọ ni ti ọdún kẹta, nígbà tí mo mú ìwé láti orí ọdún 1930 wá sí 1974, ó kéré tán ẹyọ kan fún ọdún mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan. Ìtàn Sẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas kọ́kọ́ gbé jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, láàárín 1929 sí 1930 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nínú ẹ̀dà tí Karin Barber tún gbé jáde ní 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tó jáde ní 1974, ni mo fi parí. Lẹ́tà lẹ́tà ni Sẹ̀gilọlá ń kọ ọ̀rọ̀ ayé rẹ̀ sí olóòtú, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni àwọn tó kọ́kọ́ kà á sì ń rí i rà. Mo fẹ́ gbé e mì ní ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n àsọtúnsọ inú rẹ̀ ń rẹ̀ mí, nítorí pé obìnrin náà kì í yé ké àbámọ̀. Mo wá ń ka lẹ́tà kan ní ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, mo sì rí i pé àsọtúnsọ náà kì í ṣe àbùkù rárá. Ẹni tí ó ti dúró fún ọjọ́ méje ń fẹ́ kí wọ́n rán òun létí ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ìwé kan wà nínú àkójọ tiyín tó jẹ́ pé bí ẹ bá sáré kà á, ẹ ò ní gbádùn rẹ̀; ẹ fún un ní ọjọ́ tirẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀, kí ó máa bá ìwé mìíràn rìn.

Bákan náà ni mo ṣe ka ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, tí ó ju ojú ìwé 600 lọ, tí ó sì ti ń wò mí láti orí pẹpẹ fún ọdún méje. Ojú ìwé méjì lójúmọ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí n tó wẹ̀. Ó parí kí ọdún tó parí. Ìgbà tí mo ń kà á lọ́wọ́ ni mo gbàgbé ìwé àjákọ mi sínú dáńfó, èyí tí mo ń kọ ọjọ́, ojú ìwé tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí mo dúró sí àti gbólóhùn kan nípa ohun tí mo kà sínú rẹ̀. Ó dùn mí wọra. Àmọ́ ìwé Johnson tí mo ń kà yẹn, ọ̀dọ̀ atẹ̀wé ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni àfọwọ́kọ rẹ̀ ti sọnù, Johnson sì kú ní 1901 láì rí i, títí Obadiah àbúrò rẹ̀ fi tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, tí ó sì jáde ní 1921. Mo ra ìwé àjákọ mìíràn.

Nípa kíkà sókè, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àfiṣòfò àkókò ni. Ojú màmá mi kò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú mo máa ń ka orí kan fún wọn. Mi ò lè ka ju ojú ìwé mẹ́sàn-án lọ ní wákàtí kan bẹ́ẹ̀, nítorí wọn a ní kí n dúró, wọn a bi mí pé, “Ṣé bí wọ́n ṣe ń pe ìyẹn ní ilé ìwé yín nìyẹn?”, wọn a sì pè é fún mi. Ọ̀rọ̀ tí màmá bá ti tún ṣe fún mi lẹ́ẹ̀kan, ojú mi kì í kọsẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo fi ogún ìṣẹ́jú dán ara mi wò ní ìparí ọdún kẹta, mo ka ojú ìwé méje.

Ẹ má tíì ya bébà ìwé 52 yẹn. Ẹ kọ iye ojú ìwé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fàlà sí ìdí èyí tó wà nínú ilé lónìí, nítorí èyí tí ẹ rò pé ẹ óò rí rà nínú oṣù kẹfà lè má sí lórí àtẹ ẹnikẹ́ni. Nínú 52 tèmi, mẹ́tàdínlógún ni mi ò rí rà títí di òní, ọ̀kan tí mo sì ní tẹ́lẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan tí mo yá, tí ó ń búra pé òun ti dá a padà.