Ọmọ wa fẹ́ parí iléèwé, bàbá rẹ̀ ní ká mú un lọ sí Mọ̀pà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o. Ọmọ Mọ̀pà ní ìpínlẹ̀ Kogi ni mí, Houston ní Texas la ń gbé. Ọmọkùnrin wa tó ní ọ́tísìmù ti pé ọdún 15. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀, ó mọ nǹkan tò dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè dá ra búrẹ́dì. Iléèwé ti pè wá sí mítìǹgì ARD, níbi tí òbí àti olùkọ́ ti ń ṣètò ẹ̀kọ́ ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́, wọ́n ní ká wá sọ ohun tó máa ṣe tó bá jáde. Bàbá rẹ̀ ní kí la ń da ara wa láàmú sí, ká mú un lọ bá màmá òun nílé. Oko wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù wà, kò sì sẹ́ni tó máa bi í ní sátífíkéètì. Ọkàn mi kò balẹ̀. Kí lẹ rí sí i, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la irú rẹ̀ kọjá?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, òkun o. Ọ́tísìmù ni ọmọ tèmi náà ní. Ó ti lé lógún ọdún, ó sì ń ṣiṣẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ nínú hòtẹ́ẹ̀lì kan ló wà, táwẹ́ẹ̀lì ló ń ká. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wọ bọ́ọ̀sì lọ, tó ń wọ̀ ọ́ bọ̀. Àwọn ará ilé ní ṣé torí táwẹ́ẹ̀lì la ṣe gbé e wá sí Amẹ́ríkà. Mi ò dá wọn lóhùn mọ́. Èmi ni mo mọ ohun tó ná wa kí ọmọ tí kò lè dúró lórí ìlà tó dẹni tó ń gba owó iṣẹ́.

Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ iléèwé, jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìsánlú fún ọ, nítorí ohun tí ọkọ rẹ ń wí.

Ìsìnkú bàbá mi la lọ ṣe, lásìkò kajú. Ilé kún dẹ́nu, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó wọlé tàbí ẹni tó jáde. Ní ìdájí ọjọ́ Mọ́ńdè, ọmọ mi jí, ó wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà láyà, ó bá jáde. Mọ́ńdè ni, iṣẹ́ yá lójú tirẹ̀. Ibùdókọ̀ ló ń wá. Ó gba ojú títì tó lọ sí Mọ̀pà, ó ń rìn títí ó fi dé ibi tí àwọn ọdẹ gbé igi dínà sí. Ìwọ náà mọ bí ilé ṣe rí láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti wọ ọ̀nà wa: wọn kì í fojú re wo àjèjì tó ń dá rìn ní ìdájí. Wọ́n ní kó dúró, ó dúró. Wọ́n ní ọmọ ta ni. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n fi èdè wa bi í, ẹnì kan tún fi Haúsá bi í. Kò wo ojú wọn, kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Ló bá ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ níbí pé kó ṣe bí ẹ̀rù bá bà á: ó ki ọwọ́ bọ àpò kó lè yọ káàdì tí a kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà mi sí.

Àpò yẹn, àbúrò mi. Ọdẹ tó gbé ìbọn dání kò mọ̀ pé káàdì ni. Ìdí ìbọn ni wọ́n fi gbá a lápá, wọ́n dè é lọ́wọ́ sẹ́yìn, wọ́n mú un jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Obìnrin kan tó ń lọ sóko kajú ló wò ó títí, tó ní, “Ẹ dúró ná, iwájú orí yìí, ti bàbá tí wọ́n fẹ́ sin yìí mà ni.” Nígbà tí a débẹ̀, nọ́ńbà bọ́ọ̀sì rẹ̀ ló ń pè léraléra, okùn ti wọ ọ́ lára lọ́rùn ọwọ́.

Mi ò bínú sí àwọn ọdẹ náà. Wọ́n bẹ̀ wá, ìlú ni wọ́n sì ń ṣọ́. Ohun tó ń jí mi lóru ni pé bó bá jẹ́ ọlọ́pàá ló dá a dúró níbí ńkọ́? Ọmọkùnrin dúdú, ó ga, kò wo ojú wọn, ó ń ki ọwọ́ bọ àpò. Káàdì náà ti kúrò lápò báyìí, ọrùn ló ń fi í kọ́, níta aṣọ. A sì ti kọ́ ọ pé kó máa ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Síbẹ̀, tó bá ti jáde, mi ò lè fọwọ́ kan nǹkan kan títí yóò fi pè mí pé òun ti débi iṣẹ́.

Àwọn ẹbí kan sọ lọ́jọ́ náà pé ká ní mo kọ́ ọ ní Yorùbá ni. Wọn ò sí níbẹ̀ nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò tíì pe ọ̀rọ̀ kan. Obìnrin tó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ ló jókòó níwájú wa, tó ní èdè kan ṣoṣo ni ká máa sọ nínú ilé, kó má baà da ọmọ lórí rú. Ta ni èmi tí màá bá a jiyàn? A gbé Yorùbá tì, fún òun àti fún àwọn àbúrò rẹ̀. Lónìí, àwọn onímọ̀ ní èdè méjì kò pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára. Wọ́n sọ ọ́ tán, bàbá mi ti kú, kò sì bá ọmọ yìí sọ ju ìkíni òyìnbó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi kó máa bú mi. Tìrẹ ṣì jẹ́ ọdún 15. Kọ́ ọ ní orúkọ bàbá àgbà rẹ̀ àti ti agboolé yín, kó lè dáhùn tí wọ́n bá ní ọmọ ta ni. Bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní.

Ọkọ rẹ kò parọ́ nípa ilé o. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ mi lọ jókòó ti àǹtí mi níbi tó ti ń ṣa kajú. Àǹtí ní ká jẹ́ kó sinmi, ká má fi iṣẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu. Kò dá wọn lóhùn, ó ń ya èyí tó tóbi sọ́tọ̀, ó ń ya èyí tó bàjẹ́ sọ́tọ̀, ó kún àpò kan kí oòrùn tó wọ̀. Wọn ò fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò kó tó ṣe é. Irú ìyẹn kò sí níbí. Ṣùgbọ́n wọn ò san kọ́bọ̀ fún un, kò tiẹ̀ wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni pé ó yẹ kí wọ́n san án. Òfin wà ní Nàìjíríà, wọ́n buwọ́ lù ú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, pé kí ó kéré tán ìdá 5 nínú 100 àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba jẹ́ akanda ẹ̀dá, bó bá ti ṣeé ṣe tó. Ó wù mí kó fìdí múlẹ̀. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Òkun wa ní Kogi tí mo mọ̀, ẹni tó mọ bàbá rẹ ló ń gbà ọ́ síṣẹ́. Màmá ọkọ rẹ á tọ́jú ọmọ náà, mi ò ṣiyèméjì. Ta ló kàn lẹ́yìn màmá?

Ó wá ku mítìǹgì yín. Ní Texas, ọdún 14 ló yẹ kí ètò ohun tí ọmọ máa ṣe lẹ́yìn iléèwé ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀tọ́ yín ni, wọn kì í ṣe yín lóore. Mú ọmọ náà dání, kó jókòó síbẹ̀. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé yóò kọ́ṣẹ́, bi wọ́n pé níbo, lọ́jọ́ wo, ta ló máa mú un débẹ̀. Iṣẹ́ gidi níta iléèwé ni kó o béèrè. Ibẹ̀ lọmọ mi ti mọ bọ́ọ̀sì wọ̀: olùkọ́ kọ́kọ́ ń jókòó tì í, nígbà tó yá ó ń jókòó lẹ́yìn bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ní kí wọ́n pe àwọn Vocational Rehabilitation ti Texas Workforce Commission, àwọn tó ń ran akanda ẹ̀dá lọ́wọ́ láti ríṣẹ́, sí i nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́ iléèwé. Má jẹ́ kí wọ́n yára fún un ní díplómà kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè wà lọ́dọ̀ wọn di ọdún 21. HCS, ètò ìjọba tó ń sanwó ìrànlọ́wọ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé àti láàárín ìlú, ló kánjú jù lọ: lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, àwọn kan ti dúró lórí ìlà yẹn ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Ti ọdún 18, tí òfin á ní ó ti dàgbà, tí o ò sì ní lè máa buwọ́ lùwé fún un mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn. Lọ́dún 2015, Texas ló kọ́kọ́ ṣòfin pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè yan ẹni tí yóò máa ràn án lọ́wọ́ láti ṣèpinnu, láìjẹ́ pé ilé ẹjọ́ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí a mú nìyẹn. Ọkọ mi ṣì ní ilé ẹjọ́ ló yẹ ká lọ, a ò tíì parí rẹ̀.

Mú un lọ sí Mọ̀pà, ṣùgbọ́n kó lọ kí ìyá kó sì padà. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá débẹ̀, kẹ́ ẹ tó tú ẹrù, kí ìyá mú un yíká lọ bá àwọn ọdẹ, àwọn ọlọ́kadà àti àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì, kí wọ́n rí i, kí wọ́n mọ ilé tó ti wá. Níbí náà, mo mú tèmi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò wa, wọ́n wò ó, wọ́n gba nọ́ńbà mi. Mi ò lè búra pé ẹni tó máa bá a pàdé lọ́nà ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Fi ọjọ́ mítìǹgì yẹn ránṣẹ́ sí mi. Tí kò bá ti bọ́ sí àsìkò iṣẹ́ mi, màá bá yín wà lórí fóònù.