Kí ni ìtumọ̀ «GNU Terry Pratchett», ṣé pípe òkú ni?

Ìyá kan láti Kàbà ni ó fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Lọ́kọ́ja, kọ ọ̀rọ̀ kan báyìí, «GNU Terry Pratchett», sínú ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ṣe fún oníbàárà rẹ̀ kan, ó sì sọ fún un pé òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ti kú ni àwọn fi ń rántí. Ìyá náà fẹ́ mọ ohun tí àṣà náà dúró fún, bóyá kì í ṣe òkú ni wọ́n ń pè, àti bóyá a ní irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Okun. Mo kí i, okun o. Ìbéèrè kejì ni mo rí i pé ó ń kó o lọ́kàn sókè jù, nítorí náà ni n ó ṣe kọ́kọ́ fún un ní èsì: kì í ṣe pípe òkú. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni ó gba àlàyé.

Ọdún 1948 ni wọ́n bí Terry Pratchett ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ìtàn àròsọ mọ́kànlélógójì ni ó kọ nípa ayé kan tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí erin mẹ́rin gbé sórí, tí àwọn erin náà sì dúró lórí ẹ̀yìn ìjàpá omi ńlá kan tí ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá láàárín àwọn ìràwọ̀. Èyí àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1983. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2007 ó sọ ọ́ ní gbangba pé àìsàn ọpọlọ tí ń gba ìrántí àti òye lọ́wọ́ ènìyàn ti mú òun, síbẹ̀ kò jáwọ́ nínú ìwé kíkọ. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tẹ̀wé dáadáa mọ́, ó ń fi ẹnu sọ ọ́ kí a lè bá a kọ ọ́. Ó kú ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 2015, ní ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, ìwé rẹ̀ tí ó gbẹ̀yìn sì jáde ní ọdún náà lẹ́yìn tí ó ti lọ. Nínú àwọn ìtàn rẹ̀, Ikú jẹ́ ẹni kan pàtó tí ń gun ẹṣin funfun, tí ó fẹ́ràn ológbò, tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń wà ní lẹ́tà gàdàgbà. Ohùn Ikú yìí ni wọ́n fi kéde lórí Twitter ní ọjọ́ náà pé àkókò tó wàyí tí àwọn méjèèjì yóò jọ rìn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkàwé rẹ̀ ni omijé àti ẹ̀rín jọ bọ́ lójú lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa tí a ti ń gbọ́ nínú Ifá pé Ikú ní kùmọ̀ lọ́wọ́, tí ó sì ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kò yẹ kí èyí ṣe wá ní kàyéfì.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an ti inú ìwé rẹ̀ kan tí ó jáde ní ọdún 2004 wá, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Going Postal. Nínú ìtàn náà, àwọn ilé ìṣọ́ gíga kan wà tí wọ́n tò láti ìlú dé ìlú, tí àwọn òṣìṣẹ́ orí wọn sì ń fi ìmọ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn. Iṣẹ́ náà léwu, òṣìṣẹ́ a máa já bọ́, òmíràn a sì kú lórí iṣẹ́. Bí ọ̀kan bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a fi orúkọ rẹ̀ sí ojú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ náà, wọn a sì fi lẹ́tà mẹ́ta síwájú rẹ̀. G ń sọ fún ẹni tí ó bá gbà á pé kí ó tari rẹ̀ síwájú. N ń sọ pé kí ó má kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́. U ń sọ fún ẹni tí ó wà ní ilé ìṣọ́ ìkẹyìn pé kí ó dá a padà sí ibi tí ó ti wá. Báyìí ni orúkọ náà yóò ṣe máa lọ, tí yóò máa bọ̀, tí kò ní dúró níbì kan, nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹni tí a ṣì ń dá orúkọ rẹ̀ kò tíì kú tán.

Nígbà tí òǹkọ̀wé náà fúnra rẹ̀ wá kú, àwọn òǹkàwé rẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà ṣe fún un ohun tí ó ní kí àwọn ènìyàn inú ìtàn rẹ̀ ṣe. Bí a bá ṣí ojú-ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà tí ó wà lọ́hùn-ún a kọ́kọ́ fi àwọn ìlà díẹ̀ ránṣẹ́ tí ojú wa kì í rí, tí kọ̀ǹpútà nìkan ń kà. Àárín àwọn ìlà wọ̀nyẹn ni wọ́n fi ìlà kan tí wọ́n pè ní X-Clacks-Overhead sí (Clacks ni ìtàn náà pe ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ àwọn ilé ìṣọ́ náà), orúkọ òǹkọ̀wé náà sì wà nínú rẹ̀. Kò ta ọjà, kò mú kí ojú-ewé yá, ẹni tí ó ń wo ojú-ewé kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ àfi bí ó bá mọ ibi tí a ń wò. Ohun tí ọmọ yín ṣe kò ju èyí lọ.

Ẹ jẹ́ kí á wá fi wé pípe òkú bí a ti mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Okun, láti Ìyàgbà dé Ìjùmú àti Búnú, egúngún ni ọ̀nà tí àwọn bàbá wa ń gbà pe ẹni tí ó ti lọ, ohun tí ó sì ya ìpè bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ ni pé èsì ni a ń retí. A pè é kí ó lè wá, kí ó fara hàn, kí ó fi ohùn rẹ̀ súre, kí ó bá ẹbí wí bí ó bá yẹ kí ó bá wọn wí. Aṣọ gan-an ń jẹ́rìí sí i. Àwọn ará Búnú ni a mọ̀ mọ́ aṣọ pupa tí a ń pè ní aṣọ ipò, tí a ń so rọ̀ sí iwájú ilé nígbà ìsìnkú olóyè kí gbogbo ayé lè rí ọlá òkú àti ti àwọn ọmọ rẹ̀, tí a sì ń fi irú rẹ̀ rán ẹ̀wù egúngún lẹ́yìn náà. Aṣọ tí a fi ṣe ẹ̀yẹ fún ẹni tí ń lọ ni ẹni tí ń bọ̀ yóò wọ̀. Kò sí irú ìpadàbọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú GNU. Ẹnikẹ́ni kò ní kí Pratchett wá, ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ọ̀rọ̀, a kò sì bẹ̀ ẹ́ fún ohunkóhun. Orúkọ náà ni ó ń padà, kì í ṣe ẹni tí ó ni ín. Mo mọ̀ pé láti ìgbà tí àwọn oníwàásù bíi Tommy Titcombe ti dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ọdún 1908 ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣọ́ra fún ohunkóhun tí ó bá jọ ìbọ òkú, mi ò sì bú ẹni tí ó ń ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n èyí kò sí ní ẹgbẹ́ ohun tí wọ́n ní kí á ṣọ́ra fún.

Bí a bá ń wá ojúlówó ìbátan rẹ̀ láàárín wa, àwọn kan yóò sọ pé oríkì ni. N kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ẹbí ni ó ni oríkì, ọmọ tí ó wà láàyè ni a sì sábà máa ń fi oríkì bàbá rẹ̀ kì kí orí rẹ̀ lè wú. Pratchett kò bá àwọn tí ń gbé orúkọ rẹ̀ kiri tan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fojú kàn án rí. Iṣẹ́ ni ó so wọ́n pọ̀, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ti so àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣọ́ inú ìtàn náà pọ̀, nítorí náà ni mo ṣe rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ ni ó yẹ kí á wò. Bí ọdẹ bá kú láàárín Yorùbá, ẹbí lè sin ín bí wọ́n ti fẹ́, ṣùgbọ́n ètò kan wà tí ẹgbẹ́ ọdẹ nìkan ni ó lè ṣe é, èyí ni ìṣípà ọdẹ. Àwọn ọdẹ yóò péjọ, wọn yóò sun ìrèmọ̀jé, èyí tí ìtàn sọ pé Ògún ni ó fi lélẹ̀ fún wọn, tí wọn kì í sì í fi í ṣeré lásán. Wọn yóò dárúkọ olóògbé, wọn yóò ka ẹran tí ó pa, ìwà rẹ̀, àti àléébù rẹ̀ pàápàá. Ọ̀kan yóò gbé e, èkejì yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀, ìlà náà yóò sì máa lọ láti ẹnu dé ẹnu títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìwé kankan kò sí níbẹ̀ tí a kọ ọ́ sí, èyí sì bá lẹ́tà N mu ju bí ẹni tí ó kọ ìtàn náà ti lè mọ̀ lọ.

Apá kejì ìṣípà ni ó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo fi wọ́n wé ara wọn. Àwọn ọdẹ a máa gbé nínú ohun èlò iṣẹ́ olóògbé lọ sínú igbó, wọn a fi í sílẹ̀ níbẹ̀, wọn a sì padà sílé láìgbé e, kí ó lè hàn pé a ti tú u sílẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ àti pé kò sí ẹni tí yóò fi ohun èlò rẹ̀ dẹ̀gbẹ́ ní orúkọ rẹ̀. Pratchett náà ti fi àṣẹ sílẹ̀ pé kí wọ́n ba hard drive kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́, níbi tí àwọn ìtàn tí kò parí wà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n sì fi rólà àtijọ́ tí ń lo agbára ooru omi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn kan bínú pé ìtàn ṣòfò. Ọdẹ kò ní bínú.

Ẹ lè béèrè pé kí ni a ṣe fún tiwa. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ nípa ọdẹ àti àwọn ẹ̀dá inú igbó jáde ní ọdún 1938, kú sínú odò ní Wúyà nítòsí Bídà ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, lókè Odò Ọya sí wa. Àwọn àgbàlagbà wa tí wọ́n kà á nílé ìwé ṣì lè ka ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà lórí láìwo ìwé, ẹnì kan a bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn a gbà á. Wọn kò pe ohun tí wọ́n ń ṣe ní ìrántí òkú, wọ́n kàn ń gbádùn ọ̀rọ̀ ni, mo sì rò pé èyí gan-an sún mọ́ ohun tí àwọn òǹkàwé Pratchett ń ṣe ju bí ère tàbí orúkọ òpópónà ti sún mọ́ ọn lọ.

Ó ku ohun kan tí ẹ fi kún ìsàlẹ̀ lẹ́tà yín, pé ọmọ yín fẹ́ kọ orúkọ bàbá rẹ̀ tí ó ti filẹ̀ bora sí ẹ̀gbẹ́ ti òǹkọ̀wé náà. Kò sí ohun tí ó ní kí ó má ṣe é. Ìlà náà gba ju orúkọ kan lọ, àwọn ẹlòmíràn sì ti fi orúkọ àwọn ènìyàn wọn sí i. Kí ó má kàn kọ orúkọ bàbá rẹ̀ lófo, nítorí kò pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó wà láàyè. Kí ó fi «Bàbá» síwájú rẹ̀, tàbí oyè rẹ̀ bí ó bá jẹ oyè, kí ó sì bi àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè kí ó tó ṣe é.