Èsì: Kí ló dé tí iṣan ọwọ́ (èyí tó ń gbé ìmọ̀lára àti àṣẹ ọpọlọ) ń hù padà, tí ti ọ̀pá ẹ̀yìn kì í hù?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ní ọwọ́, sẹ́ẹ̀lì Schwann (àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí okùn iṣan ká) ló ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ níbi tí iṣan ti gé, tó sì ń la ọ̀nà fún okùn iṣan tuntun. Nǹkan bíi mìlímítà 1 péré ló ń gùn lóòjọ́, ẹ ní sùúrù. (Bó bá ń ta yín ṣínṣín, ó lè jẹ́ àmì pé ó ń hù.)

Ní ọ̀pá ẹ̀yìn, àpá ló ń dí ọ̀nà, èròjà bíi Nogo-A (purotéènì kan tó wà níbẹ̀) sì ń dá okùn dúró. Síbẹ̀, agbára láti hù wà níbẹ̀: ní 1981, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì David àti Aguayo so iṣan ẹsẹ̀ mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn eku, okùn ibẹ̀ sì hù gba inú rẹ̀ kọjá. Àyíká ló ń dí i lọ́wọ́ jù, lójú tèmi.