Ọ̀tún aláìsàn ni o, kì í ṣe ọ̀tún tìẹ

Àbúrò mi, o ní o ti há anterior, posterior, medial, lateral, àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ibi tí nǹkan wà lára èèyàn, sórí títí, àmọ́ tí o bá ti jókòó sí ìdánwò gbogbo ẹ̀ á dàrú. Ó yé mi, torí 8 nínú 20 lèmi náà gbà nínú tẹ́ẹ̀sì ànátọ́mì (ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara) àkọ́kọ́ mi l'Ákùúrẹ́ níbí, omijé ni mo fi rìn délé lọ́jọ́ náà.

Pa ìwé dé ná, kí o dìde. Dúró ṣánṣán, wo iwájú, jẹ́ kọ́wọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wá yí àtẹ́lẹwọ́ síwájú. Bí gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń wo ara èèyàn nìyẹn, kódà kí aláìsàn dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, bó ṣe máa rí tó bá dúró báyìí lo máa kà á. Ìhà iwájú ni anterior, ìhà ẹ̀yìn ni posterior. Fa ìlà láti àárín imú lọ sí ìdodo, ohun tó bá sún mọ́ ìlà yẹn ni medial, ohun tó bá jìnnà sí i ni lateral. Ọmọńdinrín ọwọ́ jẹ́ medial, àtàǹpàkò ọwọ́ jẹ́ lateral, ṣùgbọ́n tó bá di tẹsẹ̀, àtàǹpàkò ló tún wá di medial, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mú mi. Proximal àti distal ò le, ìgbọ̀nwọ́ sún mọ́ èjìká ju ọrùn ọwọ́ lọ, òun ni proximal, ọrùn ọwọ́ tó jìnnà ni distal, ó tán.

Bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé náà máa ń dà á rú. Àwa ń pe gbogbo ẹ̀ ní ẹsẹ̀ láti itan dé ọmọ ìka, àmọ́ leg nínú ànátọ́mì, láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀ péré ni.

Ọ̀tún àti òsì ló wá burú jù. Nígbà tí mo wà ní wọ́ọ̀dù, wọ́n gbé màmá kan dé láti Ìdànrè, wọ́n ní inú ń run àwọn. Inú wo? Mo ní kí wọ́n fi ìka kan ṣoṣo tọ́ ọ, wọ́n fi tọ́ abẹ́ ìdodo, lápá ibi egungun ìbàdí. Mo dojú kọ wọ́n, ọwọ́ òsì mi ni mo rí i sí, mo bá kọ òsì sínú fáìlì. Nọ́ọ̀sì àgbà kà á, kò bá mi wí, ó kàn lọ bá màmá, ó ní "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ tí ẹ fi ń jẹun dà?" Màmá na ọ̀tún sókè, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà ló sì ń dùn wọ́n. Ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún ni apẹ́ńdíìsì, ẹ̀yà kékeré kan tó so mọ́ ìfun, máa ń wà, òun ni èèyàn máa kọ́kọ́ fura sí níbẹ̀, tí wọ́n bá lọ ka òsì tí mo kọ yẹn ńkọ́? Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń fi báírò fagi lé e.

Torí náà lálẹ́ òní, ní kí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá dúró síwájú ẹ, kí o máa fọwọ́ kàn án níbì kọ̀ọ̀kan, kí o máa pè é sókè, ọ̀tún tiẹ̀ ni o, má pe tìẹ.