Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Kámẹ́rà: Àwòrán Ti Lọ, Nọ́mbà Ò Tíì Dé

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kẹ̀kẹ́ ni mò ń gùn, ti orí òkè. Kámẹ́rà wà lára akoto mi, mo de bẹ́líìtì tó ń ka ìlù ọkàn mọ́ àyà, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń ka ìyára sì wà lápá kẹ̀kẹ́. Bí mo bá délé, màá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí fídíò kan. Níbẹ̀rẹ̀, ìyára àti àwòrán máa ń bára wọn rìn. Bó bá fi máa tó wákàtí kan, mo ti yà ní kọ̀nà tán kí nọ́mbà tó sọ pé mo tẹ bíréèkì. Mo kà á, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin. Ti ọkàn tiẹ̀ ń pẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra kámẹ́rà tuntun. Kí lẹ rí sí i? — Oníkẹ̀kẹ́

Ìdáhùn: Àbúrò, má ra nǹkan kan. O ṣeun tí o ka iye tó fi ń pẹ́, torí iye yẹn ló tú àṣírí.

Kámẹ́rà tí wọ́n sọ pé ó ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 29.97 ló ń yà lọ́pọ̀ ìgbà. Tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ tí Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní 1953 ló kó o bá wa, a ò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí o bá wá sọ fún áàpù tí o fi ń ṣe édíìtì pé 30 gééré ni, tó sì to àwọn àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí o ṣe wí, fídíò wákàtí kan á fi ìṣẹ́jú-àáyá 3.6 kúrú. Àwòrán ń yára jù díẹ̀díẹ̀, nọ́mbà ń rìn bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀. “Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin” rẹ nìyẹn. Yí ètò náà sí 29.97, tàbí 59.94 bó bá jẹ́ 60 lo fi yà á, kí o tún iṣẹ́ náà tò.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á ní aago inú kámẹ́rà ló ń lọ́ra. Irú aago kékeré bẹ́ẹ̀ lè fi ìṣẹ́jú-àáyá kan sí méjì yẹsẹ̀ lójúmọ́. Pín in sí wákàtí mẹ́rìnlélógún, kí o wò ó bóyá ojú lè rí i. Ká ní ìṣẹ́jú-àáyá 18 gééré ló fi yàtọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìyẹ̀, aago GPS (àwọn sátẹ́láìtì tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ ibi tó wà) ni ǹ bá mú: láti 1980 tó ti ń kà, kì í ka ìṣẹ́jú-àáyá tí wọ́n máa ń fi kún aago àgbáyé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ti fi 18 ṣáájú láti 2017. Áàpù tó bá gbàgbé láti yọ ọ́ kúrò á gbé gbogbo ẹ̀ lé ọ lórí.

Ti ọkàn ńkọ́? Má fọwọ́ kàn án. Ọkàn fúnra rẹ̀ ló ń pẹ́. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í wa kẹ̀kẹ́ kíkan-kíkan, ẹsẹ̀ á ti máa ṣiṣẹ́ tipẹ́ kí ìlù ọkàn tó gòkè dé ibi tó yẹ, ó lè tó ìdajì ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá sì débi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, tí o ti ń mí dáadáa, òun á ṣì máa lù kìkì. Mo máa ń rí àwọn tó ń fa ìlà ọkàn sẹ́yìn kó lè bá àwòrán mu. Ẹ̀tàn ni mo ka ìyẹn sí, kò sí orúkọ míì. Bẹ́líìtì àyà tìrẹ tiẹ̀ sàn, iná ara ọkàn ló ń gbọ́. Aago ọwọ́ tó ń fi iná aláwọ̀ ewé wo ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ awọ máa ń ro nọ́mbà pọ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ìyẹn á sì tún fi ìpẹ́ tirẹ̀ kún un.

Kí o tó gbéra, ya ojú kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ náà níbi tí aago rẹ̀ ti ń ka ìṣẹ́jú-àáyá. Tún un yà kí o tó pa kámẹ́rà. Ti àkọ́kọ́ á sọ ibi tí wàá ti so ó pọ̀. Ti ìkẹyìn á sọ bóyá ó ti yẹ̀ lójú ọ̀nà.

Tí o bá ní láti ra òmíràn lọ́jọ́ kan ṣá, wò ó bóyá ó ní GPS nínú. GoPro, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú kámẹ́rà yìí, fi sínú HERO5 Black ní 2016, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú HERO12 ní 2023 (ìpinnu tí kò yé mi títí dòní), wọ́n sì dá a padà sínú HERO13 ní 2024. Nínú fáìlì MP4 kan náà tí àwòrán wà ni nọ́mbà rẹ̀ máa ń fara pamọ́ sí, nítorí náà o ò ní máa so aago pọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá fi fídíò náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tàbí tí o gé e nínú ọ̀pọ̀ áàpù édíìtì, nọ́mbà ti dànù nìyẹn. Fáìlì àkọ́kọ́ ni kí o tọ́jú.

Ìbéèrè: Bí mo bá ti rì sábẹ́ omi báyìí, fóònù ọ̀rẹ́ mi tó wà nínú ọkọ̀ ò rí kámẹ́rà mi mọ́. Ṣé rìmóòtù tó lágbára jù lè ṣe é? — Omilẹgbẹ́

Ìdáhùn: Rárá. Bluetooth àti Wi-Fi tí kámẹ́rà wọ̀nyí ń lò, omi máa ń gbé e mì láàárín sẹ̀ǹtímítà díẹ̀, omi iyọ̀ sì burú jù. Tẹ̀ ẹ́ kí o tó rì, kí o jẹ́ kó máa yà lọ. GPS náà ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ nísàlẹ̀, má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu tí ìlà ọ̀nà rẹ bá fò.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n Kámẹ́rà, èmi ni màmá tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré sísá. Mo so kámẹ́rà mẹ́rin yí pápá ká, mo sì ń fi fóònù kan tan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ ọmọ kan náà kì í kan ilẹ̀ nígbà kan náà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bátìrì wọn sì ń tètè kú. — Kóòṣì

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, mà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n Bluetooth kì í dé ọ̀dọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní àkókò kan náà gẹ́lẹ́, kálukú wọn sì ní ìwọ̀n tó fi ń pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní ti bátìrì, Wi-Fi tó ń gbé àwòrán wá sójú fóònù yín ló ń jẹ ẹ́. Tí ẹ bá ti rí i pé ojú kámẹ́rà kọ ibi tó yẹ, ẹ pa á.

Láti mú wọn bára mu, kí ẹnì kan pàtẹ́wọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kàn gbára lé ohùn rẹ̀ o: ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kámẹ́rà tó bá sì fi mítà 34 jìnnà ju èkejì lọ á fi àwòrán mẹ́ta gbáko gbọ́ ọ lẹ́yìn. Ibi tí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti pàdé nínú àwòrán ni kí ẹ fi so wọ́n. Bí kámẹ́rà kan ò bá rí ọwọ́ náà dáadáa, kí apàtẹ́wọ́ dúró níbi tó jìnnà bákan náà sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohùn á tó ìyẹn náà ṣe.