Àṣẹ́kù Owó Oúnjẹ: Ṣé Mo Lè Fi Pamọ́ Láìsọ fún Ọkọ Mi?

ÌBÉÈRÈ: Asalaamu alaikum, àáfà wa. Adó-Èkìtì ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń gbé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n, èmi ń ránṣọ. Ìparí oṣù ni wọ́n máa ń fún mi lówó oúnjẹ. Bí mo bá ṣọ́ ọ ná, díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù, mo sì máa ń fi pamọ́ láìsọ fún wọn. Ṣé mo jẹ̀bi? Wọ́n tún ní ká da owó tí àwa méjèèjì ń rí pọ̀ sójú kan ká lè rí nǹkan tọ́jú. Ṣé dandan ni kí n gbà?

ÌDÁHÙN: Wa alaikum salaam wa rahmatullaahi wa barakaatuh. Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sínú ilé yín.

Ohun tí ọkọ yín sọ nígbà tí wọ́n ń gbé owó náà lé yín lọ́wọ́ ló máa pinnu ẹni tó ni àṣẹ́kù. Bí ó bá jẹ́ pé “owó oúnjẹ rèé, fi ra nǹkan sílé” ni wọ́n sọ, aṣojú ni yín, amaana (ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ yín) sì lowó náà. Ohun tó bá ṣẹ́kù, tiwọn ni, ẹ ní láti jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Bí wọ́n bá ní “ohun tó bá ṣẹ́kù, máa mú un,” tàbí tí wọ́n mọ̀ pé ẹ máa ń tọ́jú rẹ̀ tí inú wọn sì dùn sí i, ó di tiyín, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀.

Àwọn obìnrin kan máa ń di hádíìsì Hind ọmọ Utba mú láti fi gbe fífi owó pamọ́ láìsọ lẹ́sẹ̀. Hind sọ fún Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pé ahun ni Abu Sufyan ọkọ òun, owó tó ń fún òun kò tó òun àti ọmọ àfi èyí tí òun bá mú láìjẹ́ kó mọ̀. Ànábì ní kó mú ohun tó máa tó òun àti ọmọ rẹ̀ ní ìwọ̀n tó yẹ. Bukhari àti Muslim ló gbà á wá. Ẹ wò ó dáadáa: ọkọ tí kò fún ìyàwó ní ànító ni ọ̀rọ̀ náà wà fún, ohun tó máa tó jẹ nìkan ni wọ́n sì yọ̀ǹda. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń fún ní ànító kò lè fi í kó owó jọ ní ìkọ̀kọ̀.

Ní ti dída owó pọ̀, kì í ṣe dandan. Ọkọ ni Ọlọ́hun gbé bùkátà ilé lé lọ́rùn (Suuratu Nisaai 4:34), kí oníkálukú sì ná bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ (Suuratu Talaaki 65:7). Owó ìránṣọ yín, tiyín ni. Bí ẹ bá fi ran ọkọ lọ́wọ́ láti ọkàn wá, làdá (ẹ̀san) méjì ni: Ànábì sọ fún Sainabu, ìyàwó Abdullahi ọmọ Mas'ud, pé yóò gba làdá ìbátan àti làdá sàárà. Àmọ́ ibi tí ilé ti máa ń dàrú ni pé ìyàwó á san owó ilé-ìwé láìsọ̀rọ̀, bí ìjà bá wá dé lọ́jọ́ mìíràn, á ní gbèsè ni, ọkọ á ní ìrànlọ́wọ́ ni. Ẹ sọ ọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí ó bá jẹ́ gbèsè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ (Suuratu Bakara 2:282). Ìmọ̀ràn mi ni pé kí àpò mẹ́ta wà: tọkọ, tìyàwó, àti tilé. Kí ọkọ kọ́kọ́ fi owó bùkátà sínú tilé, kí ìyàwó fi ohun tó bá wù ú kún un, kí ẹ sì jọ fẹnu kò pé àṣẹ́kù rẹ̀ á di owó ìpamọ́. Báyìí, ìkọ̀kọ̀ ti parí.

Ká tó máa dín ẹran kù lọ́bẹ̀ ọmọ, ẹ wo aṣọ ẹbí àti ìnáwó òde ná. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin gan-an lẹ ń rán an, àmọ́ ó ń gba owó lọ́wọ́ ilé ju oúnjẹ lọ nígbà míì. Fífi ebi tàbí àìsàn pa ará ilé kì í ṣe ìṣọ́wóná. Ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Oúnjẹ wá ní ìgbà tó yẹ ká rà á. Àwa ará Èkìtì kì í fi iyán ṣeré, iṣu ló sì máa ń jẹ owó. Iṣu tuntun oṣù kẹjọ ṣì lómi nínú, kì í pẹ́ kó tó jẹrà. Èyí tó gbó, tí wọ́n wa lóṣù kọkànlá sí ìkejìlá, ni kí ẹ rà pọ̀. Ẹ tò ó sórí pákó níbi tí atẹ́gùn wà, kì í ṣe sórí sìmẹ́ńtì. Èyí tí ọkọ́ gé lára ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ, torí ibẹ̀ ni ìjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá hù, ẹ já èhù rẹ̀. Ẹ̀wà ní tirẹ̀, ẹ sá a gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ sínú àwọn kẹ́ẹ̀gì kéékèèké títí dé ẹnu, kí ẹ dé e pa. Kòkòrò inú rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí. Kẹ́ẹ̀gì ńlá tí ẹ ń ṣí lójoojúmọ́ máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ẹ má fi oògùn apakòkòrò sí i rárá, májèlé ni. Irú ìpamọ́ yìí kì í ṣe èèwọ̀: Ànábì náà tọ́jú oúnjẹ ọdún kan fún àwọn ará ilé rẹ̀. Kíkó ọjà pamọ́ kó lè wọ́n fún aráàlú ni ó kọ̀.

Fún omi tí ẹ ń rà, Ànábì máa ń fi omi ìwọ̀n mudu kan (òṣùwọ̀n àwọn Lárúbáwá) ṣe àlùwàlá, kò tó líta kan. Bútà tó kún sábà máa ń jù ú lọ.

Àjọ tí oníkálukú dá iye kan náà tó sì kó iye kan náà dára. Àmọ́ ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù tó bá yá ọkọ yín ní 100,000 náírà tó ní kó dá 110,000 padà, èlé ni, haraamu ni. Bí ẹgbẹ́ bá ra fìríìjì, tó di tiwọn, tí wọ́n wá tà á fún yín ní iye kan pàtó kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀, ìyẹn jẹ́ halaali.

Bí owó ìpamọ́ bá tó iye gíráàmù 85 wúrà, tí ọdún òṣùpá kan sì kọjá lórí rẹ̀, ẹ yọ 2.5 nínú 100 ní sàká. Ọkọ á ṣírò tirẹ̀, ìyàwó á ṣírò tirẹ̀, nítorí náà ẹ máa kọ iye tí oníkálukú fi sínú àpò ilé sínú ìwé lóṣooṣù.